Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó gbéra lọ wo ìjàpá òkun ní Grand-Popo

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé Grand-Popo, ìlú etí òkun kan ní orílẹ̀-èdè Benin, mo ṣe ohun kan tó ń dùn mí dòní, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù kọkànlá ni, ilẹ̀ ti ṣú dáadáa, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì jáde níbi tá a wọ̀ sí, a ní ká lọ gba atẹ́gùn létí òkun, kò sẹ́ni tó mú wa dání, kò sẹ́ni tá a bi léèrè. La bá rí nǹkan dúdú kan tó ń jáde bọ̀ látinú omi. Á wọ́ díẹ̀, á dúró, á tún wọ́ díẹ̀, ìgbà tó súnmọ́ wa la tó mọ̀ pé ìjàpá òkun ni, ara ẹ̀ ń dán, ó fẹ̀ tó bàsíà ìfọṣọ. Inú mi dùn débi pé mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo yọ fóònù, mo tan iná ẹ̀ sí i lójú kí fídíò lè mọ́. Ìjàpá yẹn dúró gbagidi. Ó yí padà, ó wọ́ lọ sínú omi tòun tẹyin tó gbé wá, ìgbì gbà á, a ò rí i mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá apẹja kan gbọ́ tá à ń sọ ọ́. Kò bú wa rárá. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Àgbádárìgì, tó gbọ́ Ègùn, ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ bàbá fún wa. Bàbá ní ta ló mú yín débẹ̀? A ní kò sẹ́nì kankan. Ó ní hẹn, ìdí nìyẹn.

Mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà yẹn, mi ò dá rìn létí òkun yẹn mọ́. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀ sílẹ̀ torí pé kò jìnnà sí wa, ẹni tó bá kúrò l'Ékòó láàárọ̀ tí bọ́dà ò bá dá a dúró pẹ́ á débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, àwọn èèyàn wa sì ń lọ lásìkò ọdún. Ẹ lọ o, ibẹ̀ dára gan-an ni, ṣùgbọ́n ilé onílé ni, ó níbi tí wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ibẹ̀ díẹ̀ fẹ́ni tí kò tíì gbọ́ ọ rí. Grand-Popo wà ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù ilẹ̀ Benin, nǹkan bí 80 kìlómítà sí Cotonou, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Togo nìyẹn. Odò Mono ń ti òkè ṣàn bọ̀, apá ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló pààlà Benin àti Togo, ó wá pàdé àwọn ọ̀sà etí òkun, gbogbo omi yẹn wá já sínú òkun ńlá níbi tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy. Wọ́n ní àwọn Potogí ló kọ́kọ́ ń pè é ní Boca do Rio, ìyẹn ẹnu odò, ìgbà táwọn Faransé dé tí wọn ò gbọ́ ọ dáadáa ni wọ́n sọ ọ́ di ẹnu ọba. Omi iyọ̀ àti omi dídùn pàdé níbẹ̀, igi mangrove tó ń hù nínú irú omi bẹ́ẹ̀, iyanrìn, ẹyẹ, akàn, ẹja wẹ́wẹ́, gbogbo wọn kó ara wọn jọ. Àwọn abúlé tó yí i ká ló fọwọ́ sí i pé káwọn dáàbò bò ó, wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn tó ń mójú tó o, Doukpo lórúkọ ẹgbẹ́ yẹn, àjọ Eco-Bénin sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Lọ́dún 2017 ni UNESCO ka gbogbo agbègbè Mono yẹn, ti Benin àti ti Togo, mọ́ àwọn ibi tí wọ́n ń dáàbò bò lágbàáyé. Torí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ "réserve" tẹ́ ẹ wá ń retí géètì àti ògiri, ẹ ò ní rí i. Èèyàn ń gbébẹ̀, wọ́n ń pẹja níbẹ̀, wọ́n ń sin òkú wọn síbẹ̀. Àwọn gan-an ni géètì ọ̀hún.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ lọ dúró lórí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí. Ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kejì, àwọn ọmọ á sì máa pa lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀ sí oṣù méjì, ẹni tó bá lọ ní oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní lè bá méjèèjì. Àbùùbùtán ńkọ́? Ìyẹn máa ń kọjá lójú òkun láti nǹkan bí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá. Àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù ilẹ̀ Òyìnbó náà máa ń wá lásìkò ọyẹ́ wa. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, odò Mono máa ń kún, ó máa ń ya wọ abúlé nígbà míì, tí wọ́n bá ní ọkọ̀ ò ní jáde lónìí ẹ má bẹ̀ wọ́n, ẹ má fowó tàn wọ́n.

Ìwé ìrìnnà ECOWAS yín, yẹ́lò káàdì yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ fún yín ní Sẹ̀mẹ́, ẹ má bá àwọn tó ń sọ pé wọ́n mọ ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Ẹ pààrọ̀ owó sí sẹ́fà, kẹ́ ẹ ní wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ torí abúlé ò ní ṣéńjì. Ìyẹn tó lórí ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ dúró lé dáadáa ni ọ̀rá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rá! Àwa tá a ti Nàìjíríà lọ, ọ̀rá ti mọ́ wa lára jù, a ra búrẹ́dì ọ̀rá, a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀rá, omi tá à ń mu gan-an inú ọ̀rá ló wà, tá a bá sì mu ún tán ojú ọ̀nà ló ń bọ́ sí. Ilẹ̀ Benin ti ṣòfin láti ìparí ọdún 2017 pé àwọn ò fẹ́ ọ̀rá tí kì í jẹrà mọ́, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní bọ́dà, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ sanwó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbàgbé òfin ná. Ẹran rọ̀bọ̀tọ̀ kan wà nínú òkun tí kò léegun, ó mọ́ gaara, ó máa ń léfòó bí agbòrùn, jellyfish ni wọ́n ń pè é, oúnjẹ àwọn ìjàpá òkun kan nìyẹn, èyí tó tóbi jù lára wọn tí wọ́n ń pè ní leatherback kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan míì. Ẹ wá lọ rẹ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan sínú bàkẹ́ẹ̀tì omi kẹ́ ẹ wò ó bó ṣe ń fì. Kò sí bí ẹranko ṣe máa mọ ìyàtọ̀. Tó bá ti gbé e mì, ọ̀rá ò ní dà nínú ẹ̀, á dí ìfun ẹ̀ pa, ebi á wá pa á kú nígbà tí ikùn ẹ̀ kún.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé: kí n tó kúrò nílé mo ti tú gbogbo nǹkan kúrò nínú ọ̀rá, mo kó wọn sínú báàgì aláṣọ àti kúlà oníke tó ní ìdérí, mo gbé ìgò omi tó ṣeé bu omi sí léraléra dání, mo sì mú àpò kan tó lágbára fún ìdọ̀tí tèmi. Ìdọ̀tí yẹn, mo máa ń gbé e padà dé Cotonou ni. Torí abúlé etí omi kò ní ọkọ̀ tó ń kó ilẹ̀ bíi ti ìlú ńlá, ohun tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ nínú agbọ̀n ìdọ̀tí lẹ́bàá òkun, atẹ́gùn alẹ́ kan ṣoṣo ló máa gbé e lọ. Àti filter sìgá, àti ìdérí ìgò, àti táyà irun, ẹ kó gbogbo ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì lọ síbi omi. Ẹ wá ẹni tó máa mú yín lọ ná. Létí odò ní Grand-Popo, ẹ máa rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n á sáré bá yín pé "bateau, bateau", àwọn míì dáa, àwọn míì sì kàn ní ọkọ̀ ni. Ẹ béèrè níbi tẹ́ ẹ wọ̀ sí, tàbí ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ìlú, pé ta ni ẹgbẹ́ tó ń mójú tó réserve fọwọ́ sí, ẹ bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀. Ẹ fi ẹnu kò sórí iye owó kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀: iye ti ọkọ̀, iye ti amọ̀nà, iye ti réserve, kí wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì fún yín. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn láti nájà, ẹ nájà níbi aṣọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni wọ́n ń fi gba epo fún ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́, òun ni wọ́n ń fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn etí òkun láti alẹ́ dàárọ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan sọ fún mi pé òun gan-an ń wú ẹyin ìjàpá tà tẹ́lẹ̀, pé ojú òun tó fi ń mọ ibi tó sin ín sí nígbà yẹn lòun fi ń ṣọ́ ọ báyìí. Tí iṣẹ́ yẹn ò bá wá fún un lówó mọ́, ẹ̀yin náà mọ ibi tó máa padà sí.

Ẹ kí àwọn àgbà o. Gen, tí wọ́n tún ń pè ní Mina, Xwla àti Fọ̀n ni wọ́n ń sọ jù níbẹ̀, pẹ̀lú Faransé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Ègùn á gbọ́ra díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀, ẹ tẹrí ba, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ìyẹn.

Nínú ọkọ̀, ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ sì de okùn ẹ̀, ẹ má fi jókòó bíi tìmùtìmù. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì tẹ́ ẹ bá ti wọ àárín igi, kí wọ́n fi ọ̀pá ti ọkọ̀ tàbí kí wọ́n fi àjẹ̀ wà á. Ẹran omi ńlá kan wà nínú omi Mono tí àwọn Faransé ń pè ní lamantin, ewéko ló ń jẹ, kì í yára, abẹ ẹ́ńjìnì máa ń gé e lẹ́yìn. Ariwo náà máa ń lé ẹyẹ kúrò lórí ìtẹ́, tí ẹyẹ bá sì fò, oòrùn á máa pa ẹyin ẹ̀ tàbí kí ẹyẹ míì wá kó o. Ẹ fi spíkà yín sílé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa gbà pé ìgbádùn ò pé láìsí orin, àmọ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú láàárín igi yẹn, ẹ máa gbọ́ akàn tó ń rìn lórí ẹrẹ̀, ẹ máa gbọ́ ẹja tó ń ta, ẹ máa gbọ́ omi tó ń wọ gbòǹgbò lọ.

Igi mangrove yẹn, ẹ máa rí i pé gbòǹgbò ẹ̀ dúró bí ẹsẹ̀ alántakùn nínú omi. Abẹ́ ẹ̀ ni ẹja àti edé máa ń tọ́ ọmọ wọn kí wọ́n tó lọ sínú òkun, òun ló di ilẹ̀ mú kí omi má kó o lọ. Wọ́n ti gé e gan-an láyé ọjọ́un fi yan ẹja àti fi se iyọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un gbìn. Ọmọ tó máa ń so lórí ẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí èso pàǹdòrò kékeré, ẹ má já a ṣeré, igi odidi nìyẹn tó ń dúró de ẹrẹ̀. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá bá àwọn gbìn ín, ẹ wọlé sínú ẹrẹ̀ kẹ́ ẹ gbìn ín, ibi tí wọ́n bá sì fi hàn yín ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí. Ẹ má di gbòǹgbò mú láti fa ọkọ̀, ìṣáwùrú tó lẹ̀ mọ́ ọn á ya yín lọ́wọ́.

Ibì kan wà tí wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jà lórí ẹ̀. Zangbeto ló ń ṣọ́ apá kan nínú àwọn igi mangrove yẹn. Àwọn ará Àgbádárìgì mọ Zangbeto dáadáa, eégún àwọn Ègùn tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ òru ni látilẹ̀wá, òun làwọn àgbà abúlé wá fi igi yẹn lé lọ́wọ́, tí wọ́n bá ti ṣe ètùtù síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa gbé àáké wọ̀ ọ́ mọ́. Òfin ìjọba wà lójú ìwé, ẹni tó fẹ́ gégi lóru ò ní kà á, ṣùgbọ́n ti Zangbeto yìí, ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. Àwa Yorùbá mọ ààlè, a mọ igbó àìwọ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹ̀ fún wa lẹ́ẹ̀mejì. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí màrìwò tàbí aṣọ tí wọ́n so mọ́ ibì kan, ẹ dúró, ẹ bi amọ̀nà. Ẹ má ya fọ́tò ẹ̀ tí wọn ò bá ní kẹ́ ẹ yà. Ìjọ yòówù kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ má dúró níwájú wọn máa gbàdúrà ìdè. Mo ti rí i tí ẹnì kan ṣe é, ojú tì mí.

Ó yá, ká wá dé orí ìjàpá òkun.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń mú èèyàn lọ lóru, kì í ṣe gbogbo alẹ́ lẹ sì máa rí i, ẹ fi sọ́kàn pé ẹ lè rìn títí aago méjì kẹ́ ẹ padà lọ sùn lásán. Ẹ wọ aṣọ dúdú tàbí búlúù tó ṣú, funfun máa ń hàn jù. Kẹ́ ẹ má pọ̀, bí mẹ́fà bẹ́ẹ̀ ó tó. Ẹ pa fóònù, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ dín iná ẹ̀ kù o, ẹ pa á. Iná pupa nìkan ni ẹ̀ṣọ́ máa ń lò, torí iná pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú bíi ti funfun. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ojú yín á mọ́ òkùnkùn, á yà yín lẹ́nu bẹ́ ẹ ṣe máa ríran tó.

Ẹ tò tẹ̀lé ara yín, kẹ́ ẹ sì rìn lórí iyanrìn tútù lẹ́bàá omi, torí iyanrìn gbígbẹ lókè níbẹ̀ ni ẹyin wà, ẹ lè ti máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ má mọ̀. Tí ẹ̀ṣọ́ bá gbé ọwọ́ sókè, ó ti rí nǹkan nìyẹn, níbi tẹ́ ẹ bá wà, ẹ jókòó síbẹ̀. Àkókò tó ń gòkè bọ̀ yìí ni ẹ̀rù ń bà á jù, nǹkan kékeré ló máa dá a padà, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣe aburú tèmi. Ẹ fi í sílẹ̀ kó yan ibi tó wù ú, kó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò ẹ̀, ó máa pẹ́, ẹ̀fọn á jẹ yín, ẹ fara dà á. Ìgbà tí ẹyin bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ni ẹ̀ṣọ́ á pè yín, ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ máa gbà lọ, ẹ máa rákò, ẹ ò gbọdọ̀ dúró níwájú ẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ wà láàárín òun àti omi. Ẹyin yẹn á máa bọ́ méjì mẹ́ta, ó funfun, ó rí bíi bọ́ọ̀lù píńpọ́n-ọ̀n, ó lè tó ọgọ́rùn-ún. Ẹ máa rí i tí omi ń jáde lójú ẹ̀, ẹ má sọ pé ó ń sunkún, iyọ̀ òkun tó ti gbé mì ló ń gba ojú dà nù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ayé ẹ̀.

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi ọmọ yín jókòó lé e lórí fún fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ má bu ẹyin kankan wò. Tí ẹ̀ṣọ́ bá ní ó tó, ẹ dìde kẹ́ ẹ gba ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wá padà, kó lè bo ihò ẹ̀ fúnra ẹ̀ ní àlàáfíà. Ojú ẹsẹ̀ tó fi sílẹ̀ lórí iyanrìn, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ṣọ́ ló mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ Grand-Popo, ó tó, ẹ má fi máàpù ibi tẹ́ ẹ ti rí i síbẹ̀, àwọn tó ń wá ẹyin náà ní fóònù.

Ti àwọn ọmọ tuntun tún yàtọ̀ díẹ̀. Láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá wọn, ohun tí ara wọn mọ̀ ni pé ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù lóru ni òkun wà, torí òṣùpá àti ìràwọ̀ máa ń tàn lójú omi. Báyìí, iná òtẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀ ju òkun lọ. Wọ́n á forí lé ìlú, akàn á mú wọn, ajá á mú wọn, oòrùn àárọ̀ á wá pa ìyókù. Nítorí náà, tí yàrá yín bá kọjú sí òkun, ẹ pa iná ìta, ẹ fa kọ́tìnì, ẹ sọ fún ẹni tó ni ilé kó pa tiẹ̀ náà. Mo sọ ọ́ níbi tí mo wọ̀ sí lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn rí. Ẹ má dá iná igi sétí òkun lóru. Ihò táwọn ọmọ yín bá gbẹ́ sínú iyanrìn lọ́sàn-án, ẹ dí i kílẹ̀ tó ṣú, ìjàpá tó bá já sínú ẹ̀ ò ní lè jáde. Ọ̀kadà àti quad, ẹ má gbé e wá sórí iyanrìn.

Nígbà míì àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń kó ẹyin lọ síbi tí wọ́n sọgbà yí ká, tó bá pa wọ́n á kó àwọn ọmọ lọ sétí omi, wọ́n lè pè yín kẹ́ ẹ wá wò ó. Tí wọ́n bá ń tú wọn sílẹ̀ láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́, tí wọ́n gbé wọn sórí iyanrìn kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé omi, ó dáa, ẹ wò ó. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá fi wọ́n sínú bàsíà omi látàárọ̀ tó ń dúró de àlejò, tó ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan lọ́wọ́ ju sínú ìgbì, ẹ má sanwó fún un. Agbára díẹ̀ tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin ni wọ́n máa fi lúwẹ̀ẹ́ jìnnà sétí òkun, inú bàsíà ni wọ́n ti ń ná an dànù yẹn.

Wọ́n lè fi ẹran ìjàpá òkun tàbí ẹyin ẹ̀ lọ̀ yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ má rà á. Wọ́n tún lè fi èyí tó wà láàyè hàn yín pé inú àwọ̀n ló há sí, kẹ́ ẹ rà á kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ kó lọ, àánú á ṣe yín. Èyí ló le jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ, àwa àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti bára wa jiyàn lórí ẹ̀ títí. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má sanwó, ẹ pe ẹ̀ṣọ́ kíákíá, torí tẹ́ ẹ bá rà á lónìí, lọ́la ẹnì kan á dẹ àwọ̀n nítorí àlejò aláàánú. Ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi karawun ìjàpá òkun ṣe, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀ náà, CITES, òfin àgbáyé tó wà lórí òwò ẹranko igbó, ò gbà kẹ́ ẹ gbé e kọjá bọ́dà.

Àbùùbùtán ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ibi òtútù ìsàlẹ̀ ayé ló ti ń wá bímọ lójú òkun tiwa níbí, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ìyá pẹ̀lú ọmọ, kí ọkọ̀ yín dúró lọ́nà jíjìn, ó kéré tán kó tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù kan, ẹ má lé e, ẹ má gbà á níwájú. Tó bá fẹ́ súnmọ́ yín, á súnmọ́ yín.

Ẹ má wẹ̀ nínú òkun yẹn. Ìgbì etí òkun Benin máa ń ya lulẹ̀ lójijì, á sì fa èèyàn lẹ́sẹ̀ wọlé, ibi tí odò Mono ti ń já sókun tún burú jùyẹn lọ torí omi méjì ló ń jà níbẹ̀. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní swimming pool l'Ékòó kò tíì rí irú ẹ̀. Inú ọ̀sà, níbi tí amọ̀nà bá fi hàn yín, ẹ wẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹun àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n ní dakouin, gàárì tí wọ́n fi omi ẹja rò pẹ̀lú ata àti tòmátì, mo lè jẹ ẹ́ láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́. Tẹ́ ẹ bá gba Ouidah kọjá, ẹ yà sí Djègbadji, àwọn ìyá tó ń se iyọ̀ látinú erùpẹ̀ ọ̀sà wà níbẹ̀, ẹ ra iyọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò wọn, ẹ̀yin náà ò ní fẹ́ kí àjèjì dédé gbé kámẹ́rà sí ìyá yín lójú níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Dúróònù, ẹ má gbé e fò láìgba àṣẹ, ẹyẹ máa ń rò pé àṣá ni.

Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ tú àpò àwọn ọmọ wò. Karawun ìgbín òkun tó ṣófo tí wọ́n ṣà yẹn, akàn kékeré kan wà tó jẹ́ pé inú ẹ̀ ló máa ń gbé, ẹ dá a padà sórí iyanrìn.

Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, oṣù kìíní ni, àwa mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ kan, a ti rìn fún wákàtí mẹ́ta kó tó gbé ọwọ́ sókè. Fóònù mi wà nílé lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn lẹ́yìn ìjàpá yẹn, ó súnmọ́ mi débi pé mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹyin ẹ̀ bó ṣe ń bọ́, mo kà á dé 94 kí ẹ̀ṣọ́ tó fọwọ́ kàn mí léjìká pé ó tó, a sì rákò padà sẹ́yìn.